Èwo Ni Kí Ẹ Yàn Nínú Yellowstone, Yosemite, Grand Canyon àti Great Smoky Mountains?

Ọgbà ìgbafẹ́ orílẹ̀-èdè 63 ni ìjọba Amẹ́ríkà ń bójú tó lónìí, láti etí Òkun Àtìláńtíìkì títí dé Alaska àti Hawaii. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré fún ìsinmi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú wọn, ó pọ̀ tán kó yan méjì. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí lórí fóònù ni wọ́n fi ń yàn, bẹ́ẹ̀ àwòrán kì í sọ iye wákàtí tí èèyàn máa fi wakọ̀, oṣù tí yìnyín máa ń dí ọ̀nà, tàbí bí ọkọ̀ ṣe máa tò gbọọrọ níwájú ẹni. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú: báwo ni ilẹ̀ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, kí ló sì mọ ọ́n bó ṣe rí? Ìdáhùn sí méjèèjì ló ṣì ń pinnu owó ìwọlé, ọ̀nà, èrò àti àsìkò títí di òní. Ọgbà mẹ́rin ni mo fi wéra níhìn-ín: Yellowstone, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Wyoming, Yosemite ní California, Grand Canyon ní Arizona, àti Great Smoky Mountains, tó wà lórí ààlà Tennessee àti North Carolina.

Bí ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe di ọgbà

Yosemite ló kọ́kọ́ rí ààbò òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yellowstone ló gba orúkọ ọgbà ìgbafẹ́ orílẹ̀-èdè ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1864, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣì ń jà, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fa àfonífojì Yosemite àti igbó igi sequoia tó wà ní Mariposa Grove lé ìpínlẹ̀ California lọ́wọ́, pé kí wọ́n máa tọ́jú wọn fún ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣófo. Ní ọdún 1851 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Mariposa Battalion ti wọ àfonífojì náà láti lé àwọn Ahwahneechee, tí Tenaya jẹ́ olórí wọn, kúrò nílé wọn, nítorí ìjà ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ àti àwọn tó ya wá California láti wa góòlù. Àwọn òkè tó yí àfonífojì ká di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1890, lẹ́yìn tí John Muir, ọmọ bíbí ilẹ̀ Scotland, ti fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ pariwo síta pé agbo àgùntàn ń ba koríko orí òkè jẹ́. Ọdún 1906 ni California tó dá àfonífojì àti igbó sequoia padà fún ìjọba àpapọ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Muir àti Ààrẹ Theodore Roosevelt ti jọ sùn síta gbangba níbẹ̀.

Àlejò òde òní ṣì ń fojú rí àbájáde ìtàn yìí. Àfonífojì náà kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ, inú rẹ̀ sì ni òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù àti ibùdó àgọ́ kó jọ sí láti ayé ìjọba California. Èyí ló fà á tí èrò tó yẹ kó tàn ká ilẹ̀ tó tó kìlómítà 3,000 níbùú-lóòró fi ń fún ara wọn pọ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Orúkọ ọgbà kò sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òfin ọdún 1913 fàyè gba ìlú San Francisco láti sé odò mọ́ inú Hetch Hetchy, àfonífojì kejì tó wà nínú ọgbà kan náà, láti ibẹ̀ sì ni omi ti ń lọ sílé àwọn ará ìlú náà di òní.

Ti Yellowstone yàtọ̀ pátápátá. Ní ọdún 1871, Ferdinand Hayden kó ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba, Thomas Moran tó jẹ́ ayàwòrán àti William Henry Jackson tó jẹ́ onífọ́tò sì wà lára wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí wà lára ohun tó mú kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbà pé ìròyìn omi gbígbóná tó ń tú sókè láti inú ilẹ̀ kì í ṣe àlọ́ àwọn ọdẹ. Ààrẹ Ulysses S. Grant fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1872. Wyoming kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà, ọdún 1890 ló tó dì í, nítorí náà kò sí gómìnà tí wọ́n lè fa ilẹ̀ náà lé lọ́wọ́ bí wọ́n ti fa Yosemite lé California. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wá kù sí, bí ọgbà ìgbafẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí pé wọ́n gé ilẹ̀ náà kí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò tó pín in, ó tóbi gan-an: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 9,000 níbùú-lóòró, èyí tó ju ìpínlẹ̀ Èkó méjì lọ. Àmọ́ òfin ti wà kí ẹ̀ṣọ́ tó wà. Àwọn ọdẹ ń pa ẹran bó ṣe wù wọ́n títí ìjọba fi kó àwọn ọmọ ogun wá síbẹ̀ ní ọdún 1886, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1918. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun wọ̀nyí náà ló la ọ̀nà ńlá tó yí inú ọgbà po, tí àlejò ń wakọ̀ lórí rẹ̀ títí di òní.

Ó yẹ kí n fi kún un pé àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ṣọ́ Yosemite àti Sequoia, ọgbà tó wà ní gúúsù rẹ̀, ní ọdún 1899, 1903 àti 1904. Charles Young, ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky, tó sì di ọ̀gágun lẹ́yìn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ ológun West Point, ni alábòójútó Sequoia ní ọdún 1903. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú, abẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ti parí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé inú igbó àwọn igi ńlá náà. Ìtàn yìí nìkan tó láti mú kí ẹni tó bá dé California ya Sequoia kí ó tó padà sílé.

Kálàmù Ààrẹ ló gba Grand Canyon sílẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1906 fún Ààrẹ láṣẹ láti dáàbò bo ibi ìtàn àti ohun àdáyébá láì dúró de Ilé Aṣòfin, Theodore Roosevelt sì lò ó fún Grand Canyon ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1908. Ó ní ẹni tí èyí bí nínú. Ọ̀gbẹ́ni Ralph Cameron ti fi orúkọ ìwakùsà gba ọ̀pọ̀ ojú ilẹ̀ létí àfonífojì náà, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Bright Angel sọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1920 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a lẹ́bi. Ààrẹ Woodrow Wilson ti sọ ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1919. Àwọn Havasupai, tí wọ́n ti ń gbé inú àfonífojì náà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ nínú gbogbo èyí, òfin ọdún 1975 ló sì dá díẹ̀ padà fún wọn, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 750 níbùú-lóòró. Ọkọ̀ ojú irin ti dé etí gúúsù láti ọdún 1901. Ìdí nìyẹn tí òtẹ́ẹ̀lì àti èrò fi pọ̀ níhà yẹn, tí etí àríwá sì dákẹ́.

Ní Great Smoky Mountains, ríra ni wọ́n ra ilẹ̀. Àwọn Cherokee ló ni àwọn òkè yẹn kí ìjọba tó fi ipá lé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní ọdún 1838. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun ti ń dó síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ agégẹdú gé èyí tó pọ̀ jù nínú igbó rẹ̀ kanlẹ̀. Láti sọ ọ́ di ọgbà, owó ni wọ́n fi gba ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún onílẹ̀: àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì dá owó, àwọn ará ìlú dá, ìdílé Rockefeller sì fi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là kún un. Ọdún 1934 ni ó di ọgbà. Àwọn ilé pákó àti ilé ìjọsìn tó ṣì dúró ní àfonífojì Cades Cove nínú ọgbà náà jẹ́ ti àwọn tó kó ẹrù wọn kúrò. Nígbà tí Tennessee sì ń fa ọ̀nà Newfound Gap, tó gba inú ọgbà náà kọjá, lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó fi sínú àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó ibodè lórí rẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kan yẹn ló jẹ́ kí ọgbà tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí àbẹ̀wò síbẹ̀ ju mílíọ̀nù 12 lọ lọ́dún, wà láìgba owó ìwọlé.

Ohun tó mọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Iná ló ni Yellowstone. Ọgbà náà jókòó sórí òkè ayọnáyèéfín kan tí kò tíì kú, tó ti bú gbàmù lọ́nà ńláǹlà lẹ́ẹ̀mẹta: ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 2.1, mílíọ̀nù ọdún 1.3, àti 640,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó bú kẹ́yìn yìí, orí ilẹ̀ rì wọlé, ó sì di kòtò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń wakọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ooru tó kù nísàlẹ̀ ló ń se omi òjò àti omi yìnyín tó bá wọlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà omi náà bá gbòòrò, omi á kàn máa hó nínú adágún; níbi tó bá ti há, agbára á máa kó jọ lábẹ́ ilẹ̀ títí omi yóò fi tú sókè. Ohun gbígbóná bẹ́ẹ̀ tó wà níbẹ̀ ju 10,000 lọ, èyí tó sì ń tú sókè nínú wọn ju 500 lọ, ìyẹn ju ìdajì gbogbo irú rẹ̀ tó wà láyé. Old Faithful ni wọ́n mọ̀ jù: ó máa ń tú ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú 90 síra, omi rẹ̀ sì máa ń ga láàárín mítà 32 àti 56. Mo fara mọ́ ọn pé kí ènìyàn wò ó, àmọ́ Grand Prismatic Spring ló wú mi lórí jù. Adágún náà fẹ̀ ju mítà 110 lọ, àárín rẹ̀ dúdú bí aró, etí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé, òféèfèé àti pupa rúsúrúsú. Àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí tó fẹ́ràn ooru ló fún etí rẹ̀ ní àwọ̀ wọ̀nyí. Inú orísun omi gbígbóná kan ní Yellowstone náà ni Thomas Brock àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti rí bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Thermus aquaticus láàárín ọdún 1960 sí 1969, ohun tí wọ́n sì rí lára rẹ̀ ló jẹ́ kí àyẹ̀wò PCR ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ti fi PCR yẹ̀ wò fún àrùn kòrónà ti jàǹfààní omi Yellowstone láìfẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Omi kan náà léwu o. Ilẹ̀ etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ti pa àwọn ènìyàn tó kúrò lórí afárá pákó tí wọ́n tẹ́ fún ìrìn. Ẹni tó bá ń kó ọmọ kékeré tí kì í gbọ́ràn lọ gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn kó tó yàn.

Iná wà nínú ìtàn Yosemite náà, ṣùgbọ́n ó ti kú tipẹ́. Àpáta gíránáìtì rẹ̀ jẹ́ àpáta yíyọ́ tó tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn. Ilẹ̀ gbé e sókè, odò gbẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni yìnyín ńláńlá tó ń wọ́ lórí ilẹ̀ wá fá àfonífojì náà, títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dúró ṣánṣán bí ògiri. Àpáta El Capitan ga ju mítà 900 lọ láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó, omi Yosemite Falls sì ń já wálẹ̀ láti mítà 739. Kò sí ọgbà mìíràn nínú mẹ́rin yìí tí ìyanu rẹ̀ kó jọ sójú kan tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó jókòó sórí koríko àárín àfonífojì lè rí méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láìdìde. Ní Mariposa Grove, iye igi sequoia tó ti dàgbà ju 500 lọ, Grizzly Giant tó jẹ́ àgbà wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo 3,000 ọdún. Iná inú igbó ló ń la èso igi wọ̀nyí kí hóró tó bọ́ sílẹ̀, nítorí náà nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún pa gbogbo iná tó bá ṣẹ́ yọ, sequoia tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ hù mọ́. Ní báyìí, wọ́n máa ń fi ọwọ́ ara wọn dáná kékeré níbẹ̀.

Odò Colorado ló gbẹ́ Grand Canyon, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Àfonífojì náà gùn tó kìlómítà 446 bí a bá tẹ̀lé odò, ibi tó fẹ̀ jù tó kìlómítà 29, ó sì jìn ju mítà 1,600 lọ. Òkúta etí rẹ̀ lókè jẹ́ ti mílíọ̀nù ọdún 270 sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Ibì kan wà tí òkúta tuntun ti gun orí òkúta àtijọ́, tí ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn, tó ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ níbòmíràn, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ bo àlàfo náà. Ní ọdún 1869, John Wesley Powell, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ti gé lójú ogun Shiloh, fi ọkọ̀ ojú omi gba odò náà kọjá, òun ló sì kó ìròyìn tó kún nípa inú àfonífojì náà wá fún àwọn onímọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń polówó ìrìn àjò kì í sọ: ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dúró létí àfonífojì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wọ́n á ya fọ́tò, ó sì parí. Grand Canyon tóbi ju ohun tí ojú lè kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọpọlọ a sì máa kà á sí àwòrán ara ògiri. Wákàtí kan péré tí ènìyàn bá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ibi gidi.

Great Smoky Mountains kò ní ohun kan tí èèyàn lè nàka sí. Ohun tó ní ni ọjọ́ orí àti ìwà láàyè. Nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà Àríwá kọ lu ara wọn, láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 300 sí 250 sẹ́yìn, ni àwọn òkè wọ̀nyí gbérí. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti rọ̀ wọ́n sílẹ̀ láti ìgbà náà, débi pé èyí tó ga jù nínú wọn, Kuwohi, kò ju mítà 2,025 lọ. Àwọn Cherokee ló ni orúkọ yẹn, ọdún 2024 ni ìjọba sì dá a padà fún òkè náà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pè é ní Clingmans Dome. Yìnyín ayé àtijọ́ kò dé ibí, nítorí náà igi àti ẹranko tó ń sá fún òtútù rí ibi forí pamọ́ sí. Irú igi tó hù níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, irú salamander, ẹranko kékeré tó jọ alángbá, tó wà níbẹ̀ ju ọgbọ̀n lọ, ewéko náà ló sì ń tú èémí tó dà bí èéfín aláwọ̀ aró sórí òkè, èyí tí orúkọ ọgbà náà ti wá.

Ẹranko

Lórí ọ̀rọ̀ ẹranko, Yellowstone kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bison kò pé 25 mọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1902; lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, wọ́n sì máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ti pa ìkookò ibẹ̀ run nígbà tí ọdún 1926 fi máa parí, ìjọba sì kó òmíràn wá láti Kánádà ní ọdún 1995. Àfonífojì Lamar ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ibi tó dára jù láti rí wọn. Òfin ibẹ̀ ni pé kí èèyàn jìnnà tó mítà 91 sí béárì àti ìkookò, mítà 23 sí bison àti àwọn ẹran ńlá yòókù, nítorí pé bison tó dúró jẹ́ẹ́ lè sáré ju ènìyàn lọ fíìfíì.

Great Smoky Mountains ló tẹ̀ lé e, pẹ̀lú béárì dúdú tó tó nǹkan bíi 1,900. Ní ìparí oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹfà, irú tannátanná kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn jọ máa ń tàn pọ̀ tí wọ́n sì jọ máa ń pa pọ̀ nínú òkùnkùn. Èrò tó fẹ́ wò ó pọ̀ débi pé wọ́n máa ń fa orúkọ yọ kí wọ́n tó fún ènìyàn láyè. Grand Canyon ní igún ńlá tí wọ́n ń pè ní condor, tó kù 22 péré lágbàáyé ní ọdún 1982 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Arizona ní ọdún 1996. Ní Yosemite, béárì tó ń jí oúnjẹ inú ọkọ̀ ni ẹ ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ jù.

Àsìkò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Yellowstone ń ti èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin, ọ̀nà àríwá láti Gardiner sí Cooke City nìkan ló máa ń ṣí yípo ọdún. Ẹni tó ń bọ̀ lásìkò Kérésìmesì kò lè wa ọkọ̀ ara rẹ̀ dé Old Faithful. Ọkọ̀ orí yìnyín tí wọ́n ń fi owó wọ̀ ni yóò gbé e. Oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń dámọ̀ràn, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, tí òtútù kò sì tíì le.

Àsìkò Yosemite yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé yìnyín orí òkè tó ń yọ́ ló ń bọ́ omi rẹ̀. Láàárín oṣù Karùn-ún àti ìkẹfà, ariwo omi náà á gba gbogbo àfonífojì. Nígbà tó bá di oṣù Kẹjọ, Yosemite Falls fúnra rẹ̀ lè gbẹ, ẹni tó bá sì ná owó ọkọ̀ òfurufú nítorí rẹ̀ á wá máa wo àpáta gbígbẹ. Ọ̀nà Tioga tó gba orí òkè kọjá máa ń wà ní títì láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Karùn-ún tàbí ìkẹfà.

Etí gúúsù Grand Canyon ń ṣí lọ́dọọdún, nínú òtútù àti nínú ooru. Etí àríwá kì í ṣí ju láàárín oṣù Karùn-ún àti ìkẹwàá lọ, iná sì jó òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ run ní oṣù Keje ọdún 2025, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e láìṣe ìwádìí. Ẹyẹ lè fò láti etí kan dé èkejì ní nǹkan bíi kìlómítà 16, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rin nǹkan bíi 345. Ooru inú àfonífojì náà máa ń ju ìwọ̀n 38 Celsius lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń tu àwọn tó wà lókè. Èyí ló ń tan ènìyàn jẹ láti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi kan ṣoṣo, tí agbára rẹ̀ á sì pin nígbà tó bá fẹ́ gun padà.

Great Smoky Mountains dára nígbà gbogbo, àyàfi òpin ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ewé ń pọ́n tí ọkọ̀ sì ń rákò.

Owó àti ọ̀nà

Owó ìwọlé ọkọ̀ kan ní Yellowstone, Yosemite àti Grand Canyon jẹ́ dọ́là 35, ó sì gba ọjọ́ méje. Ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà lè fi dọ́là 80 gba káàdì ọdọọdún tó ń ṣí gbogbo wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún àlejò tó ti òkè òkun wá: dọ́là 250 ni káàdì tirẹ̀, tí kò bá sì ní i, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ san dọ́là 100 lé owó ìwọlé ní àwọn ọgbà 11, mẹ́ta yìí sì wà lára wọn. Fún ìdílé tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà pẹ̀lú bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó ti dàgbà, èyí kì í ṣe owó kékeré, káàdì dọ́là 250 ni yóò sì dín in kù. Great Smoky Mountains kò sí nínú òfin yẹn. Owó ìdúró ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ láti ọdún 2023, dọ́là márùn-ún lójúmọ́, fún ẹni tó bá dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìrìn àjò Grand Canyon láti Las Vegas. Èyí tí wọ́n máa ń polówó jù ni afárá onígíláàsì Skywalk, tí kò sí nínú ọgbà orílẹ̀-èdè rárá. Ilẹ̀ àwọn Hualapai ni, owó tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbà, káàdì ọdọọdún kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò burú láti lọ, àwọn onílẹ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ibi tó ń lọ. Láti Las Vegas sí etí gúúsù, ó tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nínú ọkọ̀. Láti Phoenix, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. San Francisco sí Yosemite tó wákàtí mẹ́rin. Bozeman ní Montana ni pápákọ̀ òfurufú tó rọrùn jù fún àríwá Yellowstone, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ló sì kù láti ibẹ̀. Láti Atlanta, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, Great Smoky Mountains kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Èwo ló yẹ ta ni?

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wíwakọ̀ kò sì sú yín, Yellowstone ni kí ẹ yàn. Kò yẹ ẹni tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé kìlómítà ló máa kà, kò ní rí nǹkan.

Bí ẹsẹ̀ yín bá le, tí ẹ sì lè dé ní oṣù Karùn-ún, Yosemite ló ju gbogbo wọn lọ fún ìrìn. Ẹni tó fẹ́ gun àpáta Half Dome níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, orúkọ ni wọ́n sì ń fà yọ fún un. Fún òpin ọ̀sẹ̀ nínú oṣù Keje, mo máa yí àbá yìí padà, Sequoia ni máa sọ pé kí ẹ lọ.

Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà nínú yín, tàbí tí ẹ kò ní ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ, etí gúúsù Grand Canyon ló dára jù. Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ń gbé ènìyàn kiri níbẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà etí àfonífojì ní ọ̀dà, àga ìjókòó sì wà. Kí ẹni tí èémí máa ń ṣòro fún rántí pé etí yẹn ga tó mítà 2,100, kó rọra máa rìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú bí ẹ bá lè ṣe é, nítorí pé ọ̀sán gangan ni àfonífojì náà kì í dára tó, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni òjìji máa ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ọmọ kékeré bá pọ̀ nínú ọkọ̀, tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, tí ẹ sì ń gbé Georgia, Carolina tàbí Tennessee, ẹ má ṣe wá ibòmíràn: Great Smoky Mountains ni. Fún àwọn tó wà ní Maryland àti Washington, Shenandoah ní Virginia, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àwọn òkè wọ̀nyẹn, jìnnà sí Washington ní nǹkan bíi kìlómítà 120, ẹ sì lè lọ kí ẹ sì dé lọ́jọ́ kan náà.